Páálí Ọta Tí N Kò Ṣí fún Dell

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti wà níkùn mi fún ọdún mẹ́fà. N kò lè gbé e mọ́, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sin ín pẹ̀lú mi. Èmi Orrin Stahl, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ọmọ ìlú Hemlock Fork ní orí òkè Pẹnsilfénià, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ fún ẹ̀yin ará ìlú mi. A sin Verna ìyàwó mi nínú oṣù kejì. Òtútù ti mú kí ilẹ̀ dì gbagidi lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Etí sàréè yẹn ni mo dúró sí tí mo fi mọ̀ pé kò sí ẹni tí mò ń dáàbò bò mọ́ bí kò ṣe ara mi, ara mi kò sì yẹ lẹ́ni tí à ń dáàbò bò. Nítorí náà, ẹ gbọ́. Kì í ṣe ilé ìtajà ńlá ló pa Dell Haupt, àbúrò ìyàwó mi. Kì í ṣe Paulette Sokol tó ń tajà níbẹ̀. Èmi ni.

Ẹ ó rántí àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì ilé ìtajà náà. Ìwé náà kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Wọ́n ní bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti tán, àwọn kò ní ta ọta ìbọn ìléwọ́ mọ́, àwọn kò sì ní ta ọta àwọn ìbọn kan tó ń yìn léraléra, nítorí ìpànìyàn tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ẹnu yà wá. Ibẹ̀ ni a ti ń ra ọta, oúnjẹ ajá àti bàtà òjò láti ogún ọdún, a kò rò pé wọ́n lè yí ẹ̀yìn sí wa. “Ṣé orí wọn pé ṣá?” ni Hobart mẹkáníìkì ń pariwo. “Lọ́dún tó ń bọ̀, wọn á ní ká máa fi òkò lé àgbọ̀nrín!” Dell dá a lóhùn pé, “Ìwọ kọ́kọ́ fi òkò bà á ná. Ìbọn lo fi ń tàsé láti ọdún mẹ́rin.” A rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán la fi ṣe é. Paulette wà lẹ́yìn káńtà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ dá màlúù dúró. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ o. Ọta àgbọ̀nrín kò sí nínú ohun tí wọ́n dárúkọ. A ó ṣì máa tà á. Ẹ rọra rà.” Ta ló gbọ́? “Ohun tó bá ojú á bá imú,” ni mo wí, mo sì na ọwọ́ sí pẹpẹ. Páálí ọta àgbọ̀nrín méjìlá ni mo kó. Ọ̀kan nínú wọn ya létí, Paulette fi téèpù aláwọ̀ ewé lẹ̀ ẹ́ fún mi, ó ní, “Ẹ má jẹ́ kó jábọ́ o, Bàbá Orrin.” Dell ní tirẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. “Ṣé ogun ń bọ̀ ni?” Oúnjẹ ajá nìkan ló rà. Kí ó tó di ọ̀sán, pẹpẹ ti mọ́ bí àwo tí ajá lá. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí: ilé ìtajà kọ́ ló gba ọta àgbọ̀nrín lọ́wọ́ wa. Àwa fúnra wa la gbá a tán.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbà ọdẹ bẹ̀rẹ̀, Dell wá bá mi. “Ẹ̀gbọ́n Orrin, ẹ jàre, ẹ ta páálí kan ṣoṣo fún mi. Mo ti dé ìlú mẹ́ta, kò sí.” Mo ní, “Ìwọ tó ń bi wá pé ṣé ogun ń bọ̀?” Ó ní, “Mo ti jẹ́wọ́, òmùgọ̀ ni mí. Ẹ fún òmùgọ̀ lọ́ta.” Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ti yin ọta inú páálí tó ya tán láti fi tún ojú ìbọn mi ṣe, kó lè máa ba ibi tí mo bá fojú sùn. Mọ́kànlá ló kù, mo tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù lábẹ́ ẹ̀wù òtútù Verna. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn tí mo rí wọn, ọkàn mi a balẹ̀. N kò lè yọ ọ̀kan níbẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ló tọrọ, ẹni tó bá mi gbé pósí ìyá mi, n kò sì lè yọ ọ̀kan.

Ẹ mọ̀ pé mo máa ń rọ ọta fúnra mi nínú ahéré ẹ̀yìn ilé. Ẹ sì mọ̀ pé Dell kì í yin irú rẹ̀. “Ìbọn mi kì í jẹ oúnjẹ ilé onílé,” bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Mo gbèrò láti rọ ogún fún un, kí n dì í sínú páálí tó ya, kí n sì jẹ́ kó gbà pé ti ilé ìtajà ni. Òfin kan wà tí mo fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín: agolo ẹ̀tù kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì. Èmi olùkọ́ ni mo rú u. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti ń rọ ọta ìbọn ìléwọ́, nítorí ìwé tí wọ́n lẹ̀ yẹn ti kó ìpayà bá mi. Ẹ̀tù rẹ̀ ṣẹ́ kù nínú ìfúnẹ̀tù, ohun tí mo fi ń wọn ẹ̀tù sínú ọta. Mo lọ jẹun. Nígbà tí mo dé, mo da ìyókù náà sínú agolo tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Ti ìbọn àgbọ̀nrín ni. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ máa ń jó wàràwàrà, bí ó bá pọ̀ nínú ìbọn ńlá, á fọ́ ọ. N kò mọ̀ pé mo ti pò wọ́n pọ̀. Mò ń kánjú ni, olójúkòkòrò kì í ní sùúrù. Lọ́jọ́ Ẹtì, Dell gba páálí náà, ó di ọwọ́ mi mú. “Ọlọ́run á san án fún yín, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ bó ṣe dùn yín tó láti yọ ọ̀kan.” Ó mọ̀ mí, àmọ́ kò mọ̀ mí tó.

Ó yin méjì dánwò, wọ́n lọ geere, bóyá ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ kò pọ̀ nínú wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ìgbà ọdẹ, a jọ wọ igbó, mo wà níwájú rẹ̀ díẹ̀. Ìró tí mo gbọ́ kì í ṣe ìró ìbọn. Mo sáré padà, mo bá a tó jókòó ti ìdí igi, ìbọn rẹ̀ ti fọ́, àfọ́kù irin rẹ̀ ti wọ inú ọrùn rẹ̀, yìnyín abẹ́ rẹ̀ ti pupa. Ojú rẹ̀ kún fún ìyanu bí ojú ọmọdé. “Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe ìbọn mi?” Mo ní, “Ìbọn náà ti gbó ni, Dell.” Irọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn láyé.

Mo mú páálí náà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé. Mẹ́tàdínlógún ló kù. Mo tú ọ̀kan, mo da ẹ̀tù rẹ̀ sórí bébà funfun. Àwọn wóró gígùn wà níbẹ̀, àwọn pẹlẹbẹ kéékèèké ti ìbọn ìléwọ́ sì wà láàrin wọn, bí òkúta láàrin ìrẹsì. Nígbà tí mo dìde, kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbà lọ. Mo ṣí páálí tuntun kan, mo fi ọta ilé iṣẹ́ rọ́pò àwọn tí mo rọ nínú páálí tó ya, mo sì dá a padà sínú ọkọ̀ Dell. Páálí tí n kò lè ṣí fún Dell nígbà tó wà láàyè, mo ṣí i fún irọ́.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná, Hobart gbé páálí náà sókè. “Ọta tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún wa kẹ́yìn! Paulette, ìwọ lo tà á!” Paulette dìde. “N ò ta páálí yẹn fún Dell.” Ojú rẹ̀ bá téèpù aláwọ̀ ewé. Ó wò mí. Ó wo Verna tó wọ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó padà jókòó. Hobart yíjú sí mi, “Bàbá Orrin, ẹ̀yin lẹ mọ ọta jù. Ta ló ṣe é?” Mo yẹ ọta inú rẹ̀ wò níṣojú yín, mo ní, “Ilé iṣẹ́ ló ṣe é.” Ẹnu mi kò purọ́, ọwọ́ mi ló ti purọ́ ṣáájú. Ẹ mọ ohun tí a fi ojú Paulette rí lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó kí i mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé àwo nudulu àti adìẹ wá kí Verna, Verna ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, mo sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Kí yìnyín tó yọ́, ó ti kó kúrò nílùú.

Èyí kọ́ ló burú jù. Nígbà tí jẹjẹrẹ dá Verna dùbúlẹ̀, ó pè mí. “Orrin, bá mi wá Paulette lórí fóònù. Mo fẹ́ dárí jì í kí n tó lọ.” Mo lọ sí ilé ìdáná, mo di fóònù mú títí ó fi gbóná lọ́wọ́ mi, n kò tẹ nọ́ńbà kankan. Mo padà wá, mo ní, “Ó ní òun ò ní wá.” Verna yíjú sí ògiri. “Ṣé ọkàn rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ ni?” Ó kú ní ọjọ́ kẹta, pẹ̀lú ìbínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo tó tẹ nọ́ńbà náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Paulette ní, “Mo mọ̀ pé páálí yín ni. Téèpù mi ni.” Mo ní, “Kí ló dé tí o ò sọ?” Ó ní, “Verna jókòó tì yín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù àbúrò. Mo ní, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀ nílé. Mo sì ń retí fóònù yín. Verna ńkọ́?” Mo sọ ohun tí Verna bèèrè àti èsì tí mo fún un. Ó wá ní, “Ǹ bá wá.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, agolo kan ṣoṣo lórí tábìlì. Bí ìbẹ̀rù bá sì kó yín lọ sídìí pẹpẹ, ẹ wo ẹni tó máa dé lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ Paulette. Bí àánú bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi kàn mí. Mo ti kó àwọn ọta tí mo rọ fún Dell lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àwọn páálí yòókù wà lórí tábìlì gbọ̀ngàn, n kò ṣí wọn láti ọjọ́ náà. Mẹ́wàá ni wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ni Dell tọrọ.