Fọ́tò Ẹ̀yìn Ojú

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí ìlà tí a tò níṣọ́ọ̀bù ẹran kan ní Moore Street, nílùú òyìnbó.

"Alhaji, ẹ wọ gíláàsì oòrùn nínú òjò?" Obìnrin kan ló ń bi bàbá tó wà níwájú rẹ̀.

"Ìtọ̀ ṣúgà mi ni. Wọ́n kán oògùn sí mi lójú, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹyinjú mi. Oògùn yẹn ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa ta mí lójú."

"Ṣé ojú ń dùn yín ni?"

"Rárá o! Mo ń ka Kùránì geere. Àṣé ẹ̀jẹ̀ ti ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní a tètè rí i, iná lésà á dá a dúró. Ojú ń rí gbogbo ayé, kò rí ara ẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi náà ní ṣúgà, ojoojúmọ́ ló ń sọ pé ojú òun grand, pé kò sí nǹkan tó ṣe é!"

Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé fóònù sétí: "Olówó orí mi, ẹ wọ bàtà. Ẹ ń lọ ya fọ́tò."