Àká Tí Mo Pè Ní Ilé Àdúrà

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì dìde. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún mọ́kànlá, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹ ń sọ fún gbogbo ayé pé ìyá yín, tí kò ríran, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ láti etí òkun dé ilé àdúrà àtijọ́ tó wà láàárín oko. Kò dé ibẹ̀. Èmi tí mo fà á lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kó dé.

Ọ̀nà náà kò gùn, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni, èrò kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Létí òkun, ìyá yín bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó ní, "Àbúrò mi, ohun tó o bá rí, máa sọ ọ́ fún mi." Mo ń sọ ọ́: ẹyẹ funfun, ọkọ̀ apẹja, òkúta tí wọ́n gbẹ́ àmì ẹsẹ̀ sí lára láti júwe ọ̀nà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ń han bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò pa wá. Gìgísẹ̀ mi bó lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ó ti sú mi ni. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè mí ní Ojú Ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó bi mí rí bóyá èmi náà ní ibi tí mò ń lọ. Bí a ṣe yà sí àká kan tí àgbẹ̀ ń kó ọkà sí, ó ní, "Ṣé a ti ń sún mọ́ ọn?" Mo ní, "A ti dé, ẹ̀gbọ́n mi." Ó yà á lẹ́nu. "Ṣebí ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ní?" Mo ní, "Ẹsẹ̀ yín ló yá ju bí a ṣe rò lọ." Ẹ wo irọ́ tí mo fi ìyìn wé. Ó rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ sáàárín àpò ọkà, ó ń fọwọ́ pa ògiri náà jẹ́jẹ́. Àgbẹ̀ tó ni àká wọlé, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo fojú bẹ̀ ẹ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Mo ṣì lè sọ òtítọ́ nígbà yẹn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ àdúrà ìyá yín. Kò tọrọ ojú. Ó ní, "Olúwa, sọ ẹrù mi kalẹ̀ lọ́rùn àbúrò mi. Jẹ́ kí òun náà rí ọ̀nà tirẹ̀ lọ." Mo gbọ́ ọ, mo sì ṣe àmín. Àmín yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Bí a ṣe ń jáde, àgbẹ̀ náà rọra wí fún mi pé, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tí ẹ máa sọ ọ́ fún un." N kò sọ ọ́ títí ẹ fi sin ín.

Lóṣù tó kọjá, mo padà lọ, mo tẹ ọ̀pá, mo rin ín dópin. Ilé kékeré ni, òrùlé rẹ̀ ti ń tẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ bi mí pé ta ni mo wá gbàdúrà fún. Mo tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní, "Mo gbọ́, ìyá. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀."

Ìdí tí mo fi pè yín nìyí. N kò lè bẹ ìyá yín mọ́, ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ fún. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin náà, bó bá rẹ̀ yín láti fa ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ sọ fún un pé ó ti rẹ̀ yín. Ká ní mo sọ ọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi ìbá bá mi jókòó nínú òjò yẹn títí ẹsẹ̀ mi yóò fi le.