Mo Kọ Nọ́ńbà Kan Náà fún Ọgbọ̀n Ọjọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ má tíì dá mi lóhùn o. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Ohun tí mo gbé mì láti oṣù mẹ́ta ti há mi lọ́fun, àfi kí n pọ̀ ọ́ síta. Ẹ ní ẹ máa wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti rojọ́ nọ́ọ̀sì yẹn níwájú àwọn ọ̀gá ẹ̀, kí wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọ́ ló ṣe ìyá yín báyìí. Èmi ni. Èmi tí ẹ ń kí "Àǹtí, ẹ ṣé, ẹ kú wàhálà" yìí náà ni.

Ẹ mọ̀ pé ìyá yín ò kàwé. Aṣọ oní-aṣọ ló ń fọ̀ títí èékánná ẹ̀ fi funfun, kí èmi àbúrò ẹ̀ lè lọ sílé ìwé. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé mi ò parí ẹ̀. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti sá, torí ìwé kíkà ò wọ orí mi; nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Mo máa ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde láàárọ̀, ilé ọ̀rẹ́ mi tó ń dirun ni mo máa ń lọ jókòó sí. Ìyá yín wá ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé, "Àbúrò mi ti jáde ìwé mẹ́wàá!" Wọ́n bá ń pè mí ní Tísà. Mo sì ń jẹ́ ẹ. Ẹ ò rí ojú tí ò tijú!

Nígbà tí àyà ìyá yín bẹ̀rẹ̀ sí í fò ṣáá, mo tẹ̀ lé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láyà lọ́jọ́ yẹn ò rí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ní àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń wá, á tún lọ, pé ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sì gba inú ọpọlọ lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kàwé nílé? Àwọn tí ò kàwé púpọ̀, ìgbà tí ẹ̀pa ò bá bóró mọ́ la sábà máa ń mọ̀ pé ó ń ṣe wọ́n." Ìyá yín nawọ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Tísà mi rèé! Ọlọ́run ò fi í dù mí."

Nọ́ọ̀sì fún mi ní ìwé kan. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n fi ìka sí ọrùn-ọwọ́ ìyá yín, kí n máa wo aago, kí n ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan, kí n kọ iye ẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ kọ ti àkọ́kọ́ kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: méjìléláàádọ́rin. Ó kọ nǹkan mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mi ò lè kà á. Mo ń mi orí bí alángbá.

Ó di ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó sáré lu mẹ́rin pọ̀, ó dákẹ́, ó tún ta kìjí. Ó dà rú mọ́ mi lójú. Mo tún un kà, ó tún dà rú. Mo ní àìmọ̀wé mi ló ń yọ yìí. Ẹ gbọ́ o: àìsàn yẹn gan-an, ọkàn tó ń lù ségesège, ni mò ń fọwọ́ kàn, mo rò pé orí mi ló kú! Ká ní mo la ẹnu pé, "Nọ́ọ̀sì, ó ń dà mí rú," wọn ì bá ti fún un lóògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Ojú tì mí. Mo wo méjìléláàádọ́rin tó wà lókè, mo dà á kọ. Nírọ̀lẹ́, mo tún dà á kọ. Nọ́ọ̀sì pè lẹ́ẹ̀mejì, mo ní dáadáa ni.

Ọjọ́ tó pé ọgbọ̀n ọjọ́ gan-an, ìyá yín di bẹ́ẹ̀dì mú láàárọ̀. "Tísà, àyà mi ń jà bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Bá mi pe ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn." Mo mọ̀ pé tó bá dé, á ní kí n kà á lójú òun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ní kò sí nǹkan kan. Ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n ju ìwé lọ ni?"

Ó ní, "Óò. Ìwọ lo mọ̀wé." Ó sùn padà. Mo tún kọ nọ́ńbà mi. Kó tó di ọ̀sán, ẹnu ẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ti rọ.

Ṣé ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Nígbà tá a gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ṣí ìwé ọ̀hún, ó pariwo, "Ta ló kọ èyí? Ta ni ọkàn ẹ̀ ń lu iye kan náà látàárọ̀ dalẹ́ fún odindi oṣù?" Mo nawọ́ sí nọ́ọ̀sì. Mo ní, "Òun ló ní kí n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, òun náà ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ti àkọ́kọ́." Ọmọbìnrin yẹn ò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin?" Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kó lọ jókòó sílé.

Mo ti sọ fún ìyá yín láàárọ̀ òní. Kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ti nọ́ńbà, ó ń wò mí. Mo sọ ti ìwé tí mi ò parí, ó fọwọ́ òsì bojú. Nígbà tí mo gbé ṣíbí sún mọ́ ọn, ó pa ẹnu ẹ̀ dé.

Ẹ foríjì mí tó bá wà lágbára yín. Tí ò bá sí, mi ò ní bínú. Ẹ ṣáà sọ fún àwọn ọmọ yín: abèèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè, ẹ wo ẹni tó ń jìyà ẹ̀. Mo ti pe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí n sì mú un wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ní, "Mà, mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ ní kẹ́nì kan bá mi kọ ọ́."