Omi Ìrọ̀lẹ́ Tí Mo Fi Pa Koríko

Àǹtí Simbiat, èmi Bọ́dúndé ni mo pa koríko iwájú ilé Àǹtí Olútóyìn, àbúrò màmá mi, ní Ìkẹjà, kì í ṣe bàbá yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi jù, ó gbọ́dọ̀ jáde lónìí.

Ẹ mọ bí bàbá yín, Bàbá Làsísì, ṣe ń tọ́jú koríko náà. Nígbà òjò, wọn kì í fọwọ́ kan rọ́bà omi. Bí òjò bá sinmi lóṣù kẹjọ, wọ́n á kọ́kọ́ ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọlẹ̀. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ilẹ̀ ṣì tutù nìyẹn, wọn ò ní fún un lómi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ni, láàárọ̀ kùtù, títí omi á fi wọlẹ̀ jìnnà. Mo kàwé ní yunifásítì, n kò ríṣẹ́, mo ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Olútóyìn, mo sì ń wá ìṣòro tí màá yanjú.

Mo ní, “Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọyẹ́? Ṣé koríko yìí ń gbààwẹ̀ ni?”

“Ó ń gbààwẹ̀. Ìwọ ṣáà máa jẹun. Ilẹ̀ là ń fún lómi, kì í ṣe ewé.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti lọ kírun ìrọ̀lẹ́, màá wọ́n omi díẹ̀ sí i. Ó tutù yọ̀yọ̀. N kò mọ̀ pé omi díẹ̀ tí kì í wọlẹ̀ jìnnà yẹn ń fa gbòǹgbò koríko wá sókè. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Lọ́dún tó ṣáájú, ẹ̀rọ náà bàjẹ́ fún ọjọ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, koríko ò kú.

Àǹtí Olútóyìn pè wá. “Bàbá, kí lẹ ṣe sí koríko mi?”

“Bí mo ṣe ń ṣe é látọdún mẹ́sàn-án náà ni, mà.”

Àǹtí yíjú sí mi. “Ìwọ tó ń wà nílé, ṣé o máa ń rí wọn?”

Mo ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti rí wọn nídìí rọ́bà gbẹ̀yìn.

Bàbá wò mí. “Bọ́dúndé, ṣé ojú ẹ ló rí bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ìdáhùn yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Àǹtí Olútóyìn lé Bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́; kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, Bàbá ti kó kúrò ní yàrá ẹ̀yìnkùlé wá bá yín ní Agége.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Àǹtí Olútóyìn. Wọ́n ní kí Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo wá sọ fún Bàbá lánàá, wọ́n ní, “Iṣẹ́ kọ́ ló ń dùn mí. Ọmọ mi gbà pé mo di ọ̀lẹ lọ́jọ́ ogbó. Òun ni kó o lọ sọ fún.” Ẹ ò sí nílé, ni mo ṣe kọ̀wé yìí.

Bàbá kò purọ́ fún yín, Àǹtí. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, mo dúpẹ́. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà ka ìwé yìí sókè létí Bàbá.