Ìgò Tí Kò Kọlà

Ẹ dákun, ẹ má tíì bu omi fún mi. Mo mọ̀ pé àlejò kì í wọ ilé Baálẹ̀ Ọládòṣù kí wọ́n má fi omi tútù pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá mu omi ilé yìí kí n tó sọ ohun tó gbé mi dé ìhín, yóò há mi lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí n wí ná. Irọ́ kan ni mo fi sílẹ̀ nínú ilé yìí ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó ti bá yín jẹ, ó ti bá yín mu, ó ti bá yín sùn, ẹ kò sì mọ̀ pé èmi ni mo ni ín. Mo wá kó ẹrù mi.

Ẹ mọ̀ mí o. Èmi ni Jacob Ọláníran, Jacob onídìsípẹ́ńsárì, tí ẹ ti ń pè ní dókítà nígbà tí n kò tíì lè di egbò kó dúró dáadáa. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹ bá pè mí bẹ́ẹ̀, n kò jẹ́ sọ pé n kì í ṣe dókítà. Ọ̀yájú nìyẹn, ṣùgbọ́n ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba gbà mí fún ni kí n máa fọ ìgò, kí n máa di egbò, kí n máa bu oògùn tí Ọ̀gá Akínwándé bá ti pò fún aláìsàn, kí n sì fi ẹnu mi sọ bí wọn yóò ṣe lò ó. Ọ̀gá Akínwándé ló ní ìwé àṣẹ. Àwọn ló ń po oògùn, àwọn ló ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn líle. Abúlé púpọ̀ ni wọ́n ń fi alùpùpù yí ká láti ọ̀nà Ìrókò wá, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni a máa ń rí wọn lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́, wọ́n ní, "Jacob, òfin iṣẹ́ wa pọ̀. Bí o bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, má gbàgbé méjì yìí. Oògùn ìpara kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò tó dán. Aláìsàn kò sì gbọdọ̀ jáde kó má gbọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu rẹ."

Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé ìgò ìpara yẹn. Aláwọ̀ aró ni, ó sì ní ilà gbọọrọ-gbọọrọ láti ọrùn dé ìdí, kí ẹni tí kò mọ̀wé àti ẹni tí kò ríran dáadáa lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ yín. Mo dúró lórí àga níwájú dìsípẹ́ńsárì, mo gbé ìgò méjì sókè, mo ní, "Èyí tó kọlà, ara ni kí ẹ fi pa, ó lè pani bí a bá mu ún. Èyí tí kò kọlà, ẹ mu ún." Baálẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ní àwọn náà mà kọlà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé àwọn mu o. Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo yín, ìyá wa Mùsílímátù tó jókòó yìí ló tètè mọ̀ ọ́n jù. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n ń ran, ta ló ń ran irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí? Ọwọ́ wọn máa ń mọ ibi tí òwú ti fẹ́ já kó tó já. Wọ́n gba ìgò méjèèjì lọ́wọ́ mi, wọ́n fọwọ́ ra wọ́n, wọ́n ní, "Ó tán, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ti mọ̀wé."

Ọdún náà ni mo ń fẹ́ Àjíkẹ́, ọmọ tíṣà ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó ti dolóògbé, n kò sì fẹ́ gbé ẹrù mi lé e lórí. Ọjọ́ kan ló yà kí mi níbi iṣẹ́, ó rí àwọn ìgò onílà lórí pẹpẹ níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ wọ́n lára, ó ní, "Jacob, ìgò yìí mà lẹ́wà o! Bí mo bá rí irú rẹ̀ tò sójú fèrèsé…" Kò tíì sọ ọ́ tán tí mo ti ń kó wọn fún un. Ìgò ìjọba! Gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù ni mo kó. Mo ní òmíràn ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Kò tètè dé.

Nígbà tí à ń fọ́ kòkó ni Mùjíbátù, ọmọ ìyá wa Mùsílímátù, wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Oògùn ikọ́ ló wá gbà fún Sàníù ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí n bu òróró ìpara sí i fún orúnkún ìyá òun. Ọ̀gá ti po méjèèjì sílẹ̀. Mo wo pẹpẹ, kò sí ìgò onílà kankan ńbẹ̀. Ohun tó yẹ kí n ṣe kò le. Kí n sọ pé ìgò ìpara ti tán, kí ìyá sì fara da orúnkún wọn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá yóò bi mí pé níbo ni wọ́n gbà lọ. Mo bá bu òróró náà sínú ìgò tó dán. Mo lẹ ìwé pupa mọ́ ọn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpara ni, bíi pé ẹnì kan wà nínú ilé yìí tó lè kà á.

Mo gbé ìgò méjèèjì lé Mùjíbátù lọ́wọ́. Ó dúró, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀, nítorí mo máa ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi: "Èyí tó ní ìwé pupa yìí, ó dán lónìí o, ṣùgbọ́n ara ni kí ẹ fi pa á." Ọ̀gá Akínwándé sì wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń fọ ọwọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gbọ́ pé ó dán. Mo wo Mùjíbátù lójú, mo ní, "Ó dàbọ̀, bá mi kí ìyá." Ó kó ìgò sínú igbá rẹ̀, kò yẹ̀ wọ́n wò. Ta ló máa ń yẹ ohun tí Jacob bá fún un wò? Mo sọ fún ara mi pé bí ọ̀gá bá lọ tán, n ó yà sílé yín, n ó sì ṣàlàyé fún ìyá. Ọ̀gá lọ. Àwọn ará ilé Àjíkẹ́ ránṣẹ́ pè mí nítorí ètò ìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbà lọ. Mo jẹ iyán níbẹ̀, mo jẹun yó. Ẹ ò rí ayé mi!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mùjíbátù lọ síbi kòkó, ó fi Sàníù sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ikọ́ ń dà á láàmú. Ìyá dìde, wọ́n fọwọ́ wá ìgò lórí pẹpẹ. Wọ́n kan ọ̀kan, ó dán. Wọ́n kan èkejì, ó dán. Wọ́n rò pé oògùn ikọ́ ni mo bù sí méjèèjì kó lè tó ọmọ, pé ìpara tiwọn ni kò tíì sí. Èyí tó sún mọ́ wọn ni wọ́n ṣí. Òórùn òróró náà dùn bíi súìtì, Sàníù kò sì kọ̀ ọ́. Ìyá fúnra wọn ló sọ ọ́ lójú gbogbo wa lẹ́yìn náà, pé ọmọ náà ní kí àwọn fún òun sí i.

Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bì, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Òórùn ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò mọ̀. Ìyá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń ké pé, "Jacob, oògùn yẹn kò bá a lára mu o, fún un ní òmíràn!" Mo dá lọ́rì kan tó ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn dúró, mo gbé ọmọ náà sórí itan mi, mo ń bẹ awakọ̀ kó sáré. A kò tíì dé Mọ́níyà tó fi dákẹ́.

Ká ní mo jẹ́wọ́ níbẹ̀, ọ̀gá ì bá lé mi, ìjọba ì bá fìyà jẹ mí, ẹ̀yin ì bá bú mi, ṣùgbọ́n à bá sin ọmọ náà pẹ̀lú òtítọ́. Àfi bí mo ṣe fi ibi kún ibi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni. Bí àwọn ọkùnrin ti ń gbẹ́ ilẹ̀ tí wọn yóò sin Sàníù sí, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé bàbá Àjíkẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Mo mú ìgò onílà kan lójú fèrèsé, mo fi sábẹ́ ẹ̀wù; lẹ́yìn náà mo sọ fún Àjíkẹ́ pé ó fọ́. Mo wọ iyàrá ìyá bí ẹni tó wá bá wọn kẹ́dùn. Mo da òróró tó kù sínú ìgò onílà, mo ṣí ìwé pupa lára èyí tó dán, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó kọlà, mo gbé e sórí pẹpẹ. Mo fi èyí tó dán sápò. Bí mo ti ń jáde, ìyá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọlọ́run á san án fún ọ, Jacob. O gbìyànjú." Ìgò yẹn wà lápò mi nígbà tí wọ́n ń súre fún mi.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá Akínwándé dé, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní òfin ni pé kí àwọn wádìí ikú tí oògùn bá lọ́wọ́ sí. Wọ́n ní kí a kó ìgò wá síwájú Baálẹ̀. Èmi náà ni mo kó wọn wá. Ọ̀kan dán, ọ̀kan kọlà. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Jacob ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ." Ìyá na ọwọ́, wọ́n kan ìgò onílà, wọ́n sì fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Wọ́n ní, "Kì í ṣe èyí ni mo mú. Méjèèjì ló dán. Jacob, ìwọ lo kọ́ mi, sọ fún wọn, méjèèjì ló dán." Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ọwọ́ yín ló tàn yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe. Ẹ̀yin fúnra yín rí ohun tó tẹ̀lé e. Ìyá kò ran òwú mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mu omi, wọ́n á pe ọmọdé kó bá àwọn wò ó bóyá omi ni. Mùjíbátù bí ọmọ míì. Kò bú ìyá rẹ̀, kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n aládùúgbò ló ń gbé ọmọ náà fún bó bá ń lọ sóko. Mo rí i lọ́jọ́ ọjà kan. Ìyá na ọwọ́ láti gba ọmọ, Mùjíbátù ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìyá rọra dá ọwọ́ wọn padà sórí itan. Èmi tí mo mọ ìdí rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo ń ná iṣu.

Ìjọba rán mi lọ kọ́ṣẹ́ sí i, mo yege ìdánwò, mo gba ìwé àṣẹ tèmi. Wọ́n fi mí ṣe olùkọ́ fún àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Èmi ni mo ń dúró níwájú wọn tí mo ń sọ pé ìpara kò gbọdọ̀ wọ ìgò tó dán, ahọ́n mi kò sì gé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ilé mi ló ti bá mi. Nígbà òjò tó kọjá yìí, Àjíkẹ́ dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò bá a dìde. Ó pè mí mọ́ra, ó ní, "Jacob, ìgò mi tí o ní ó fọ́, kò fọ́. Ẹnu rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Mo rí i lọ́wọ́ rẹ níwájú Baálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn." Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi lo máa jẹ́. Mo ti bá ọ gbé e láyé, n kò lè bá ọ gbé e dé ọ̀run. Lọ dá ọwọ́ ìyá yẹn padà fún wọn." Kò pẹ́ sí i tó fi kú.

Kí n tó wá síbí, mo lọ bá Ọ̀gá Akínwándé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, irun wọn ti funfun. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn fọwọ́ bo ojú, wọ́n ní, "Mo fẹnu ara mi yìn ọ́ níwájú olókùú ọmọ." A jọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbàdàn, mo sì dá ìwé àṣẹ mi padà. Wọ́n ní kí n máa retí ọlọ́pàá. Mo ní ilé ni wọ́n máa bá mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. N kò ṣaláìmọ òfin, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ìtìjú ni mo bẹ̀rù. Bí ọwọ́ yín bá ṣàṣìṣe, ẹ kígbe, ọ̀gá ì báà wà lẹ́yìn yín.

Ìyá, n kò lẹ́nu láti ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Bí Ọlọ́run bá fi í sí yín lọ́kàn lọ́jọ́ kan, ẹ ṣàánú mi. Omi tí mo ní kí ẹ má tíì bù, ẹ jẹ́ kó wà nínú àmù. Ẹ ṣáà na ọwọ́ yín. Ìgò náà rèé. Ìsàlẹ̀ àpótí ni mo tì í sí, n kò lè sọ ọ́ nù. Ẹ fọwọ́ ra á láti ọrùn dé ìdí. Ṣé ó kọlà? Ẹ wí i sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Ó dán, ìyá. Láti ọjọ́ yẹn ló ti dán. Ọwọ́ yín kò tàn yín rí.

Mùjíbátù, mo rí i pé o ti dìde. Ohun tí o bá fẹ́ fi mí ṣe, n kò ní sá. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kàn mí, tú àbíkẹ́yìn tó wà lẹ́yìn rẹ. Ìyá rẹ ti na ọwọ́ wọn. Gbé e fún wọn.