Kánò Ló Wà Lọ́wọ́ Ẹ̀

Mọ́tò wa ò tíì kún ní Sẹ́kọ́nà nígbà tí mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan, tó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó jókòó tì í.

“Ẹ ṣé gan-an, bùọ̀dá. Àkókò ìṣínu tí mo ń fi Python, èdè kọ̀ǹpútà yẹn, ṣírò fún mọ́ṣáláṣí wa ń yá jù, mi ò sì rídìí ẹ̀.”

“Kí lo wá rí?”

“Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá mi so dìbọ́gà tó ń wá àṣìṣe mọ́ ẹ́dítọ̀ tí mo fi ń kọ ọ́, mo ní kí ìṣírò náà dúró lórí ìlà kan. Ó dúró, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ hàn mí bí olè tí wọ́n ká mọ́: Kánò ló wà níbẹ̀, kì í ṣe Ẹdẹ tiwa! Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ mi tí mo dà kọ ló ti wá.”

“Háà! Oòrùn Kánò sì máa ń ṣáájú tiwa wọ̀.”

“Bàbá mi ni ládàánì, ojú wọn ò sì ríran mọ́. Àkókò tí mo bá kà fún wọn ni wọ́n fẹ́ máa tẹ̀lé. Ohùn wọn ni ìbá ba ààwẹ̀ gbogbo àdúgbò jẹ́. Ọlọ́run ló fi yín bo àṣírí wa.”