Àkísà Tútù

— Hẹ́lò? Ṣé ìwọ nìyẹn?
— Ta ló ń béèrè?
— O ò wá mọ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́?
— Bọ̀dá mi? Ṣé kò sí láburú o?
— Bàbá ńkọ́?
— Ṣé nítorí Bàbá lẹ ṣe pè?

ẸGBỌ́N: Ṣé ó burú kí n béèrè bàbá mi ni?

ÀBÚRÒ: Kò burú, sà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Bàbá sùn. Kọ̀ǹpútà oníbàárà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ níwájú mi ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mo ti fi yín sórí sípíkà, ọwọ́ mi kò dilẹ̀. Ẹ máa wí.

ẸGBỌ́N: Kọ̀ǹpútà ilé mi ni. Mo tan án, ó dún pí-pí-pí, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi oṣù mẹ́jọ kọ wà nínú rẹ̀, kò sì sí níbòmíràn! Aago márùn-ún ni ọ̀gá fẹ́ rí i. Bí kò bá dé, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò mi— ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ń gbọ́. Kí lẹ ṣe fún un kẹ́yìn?

ẸGBỌ́N: N kò ṣe nǹkan kan.

ÀBÚRÒ: Gbogbo oníbàárà ló ń wí bẹ́ẹ̀. Èmi kì í sì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹni tí kò bá tíì dáhùn.

ẸGBỌ́N: Aago mẹ́rin àbọ̀ ti kọjá, o ń—

ÀBÚRÒ: Ẹ yọ wáyà iná. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí ẹ fi ń tan án mọ́lẹ̀, kí ẹ ka ení títí dé ọgbọ̀n.

ẸGBỌ́N: [ó ń kà wúyẹ́wúyẹ́] ...ọgbọ̀n.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

ẸGBỌ́N: Ó ti ṣí tẹ́lẹ̀.

ÀBÚRÒ: Áà. Ó ti ṣí tẹ́lẹ̀. Ẹ wo àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dúró gbọọrọ. Mẹ́mórì nìyẹn. Ẹ yọ méjèèjì, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu ẹnu wọn tó ń dán.

ẸGBỌ́N: [ìró nǹkan tó já jáde] Mo ti yọ méjèèjì. Ó... ó tutù díẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ó tutù báwo?

ẸGBỌ́N: Eruku ló kún inú rẹ̀! Mo kàn—

ÀBÚRÒ: Ẹ ti fi àkísà tútù nù ún.

ẸGBỌ́N: Mo fún omi rẹ̀ dáadáa!

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fún ti ọjọ́sí dáadáa.

ẸGBỌ́N: Ọjọ́sí wo?

[Ikọ́.]

ẸGBỌ́N: Ta ló ń wúkọ́?

ÀBÚRÒ: Oníbàárà kan ni. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó.

ẸGBỌ́N: Ó dáa. Ihò mẹ́rin ló wà níbí. Èwo ni kí n ti mẹ́mórì bọ̀? Ṣé mo lè tan án?

ÀBÚRÒ: Bí ẹ bá tan án pẹ̀lú omi nínú rẹ̀, oṣù mẹ́jọ lè bá a lọ. Mo mọ ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: ta ló fi àkísà tútù nu inú kọ̀ǹpútà Bàbá?

ẸGBỌ́N: Hẹ́lò? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń— ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín ketekete.

ẸGBỌ́N: Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún!

ÀBÚRÒ: Èmi ni mo ka ọdún náà, ẹ̀yin kọ́. Ìwé tí Bàbá fi ọdún mẹ́sàn-án kọ ló ṣègbé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ẹrù mi lọ sílé àǹtí wa, orúkọ mi di Abanǹkanjẹ́. Ẹ̀yin lẹ bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹ ní kí n máa ṣọ́ra.

ẸGBỌ́N: Ọmọdé ni wá nígbà yẹn.

ÀBÚRÒ: Ọmọ ogún ọdún ni yín. Èmi ni ọmọ ọdún mọ́kànlá.

ẸGBỌ́N: Ìwọ lò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lónìí. Ó ti já sí ire.

ÀBÚRÒ: Ire! Ọdún mẹ́rin rèé tí Bàbá ti ń gbé lọ́dọ̀ mi. Gbogbo àdúgbò ló ń gbé ẹ̀rọ wá fún mi. Bàbá gbé rédíò tó ti kú láti ọdún tó kọjá mọ́ àyà, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bí mo bá ní kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ gbọ́.

ẸGBỌ́N: Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú.

ÀBÚRÒ: Aago tiyín ló ń sáré. Tèmi jókòó jẹ́jẹ́.

ẸGBỌ́N: Ìkà ni ọ́!

ÀBÚRÒ: Ta ni, sà?

ẸGBỌ́N: Mo ní n kò mọ̀—

ÀBÚRÒ: Ó dàbọ̀, sà.

ẸGBỌ́N: Dúró! Má pa á! Ṣé o gbọ́ mi? Dúró.

ÀBÚRÒ: Ta ni?

ẸGBỌ́N: ...Èmi ni.

ÀBÚRÒ: Kò dún dáadáa. Ẹ̀yin ṣe kí ni?

ẸGBỌ́N: Èmi ni mo fi àkísà tútù nu kọ̀ǹpútà Bàbá! Èmi náà ni mo sì ní ìwọ ni! Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn? Ihò wo ni?

[Ikọ́.]

ẸGBỌ́N: Ikọ́ yẹn— ta ló wà níbẹ̀?

ÀBÚRÒ: Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?



ẸGBỌ́N: Bàbá? O ní wọ́n sùn! Ihò w—

BÀBÁ: Mo gbọ́. Pa fóònù yẹn, kí o wá bá mi wo rédíò yìí.

[Ìpè já.]